Ìbọn ẹlẹ́nu méjì fún ọlọ́wọ́ òsì: báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó bá ara yín mu?

ỌmọPókà
Àrìnpa o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ìwé àṣẹ mi ti jáde, ìbọn ló kù. Oníṣòwò ìbọn tí wọ́n júwe fún mi ní Èkó ní méjì nílẹ̀ tí owó mi ká. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, àwọn ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀pá rẹ̀ gùn tó íǹṣì 30, ó wúwo díẹ̀. Èkejì jẹ́ ẹlẹ́nu kan, ọ̀pá íǹṣì 28, ó fúyẹ́. Ọta 12 ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ní kí n mú ẹlẹ́nu méjì, pé Òyìnbó ló ṣe é, pé kò lè bàjẹ́ láéláé. Èmi ò kúkú bi í bóyá ó ń bàjẹ́. Bóyá ó bá ara mi mu ni mò ń wá. Mo ga, apá mi gùn, òsì ni mo sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan àfi oúnjẹ jíjẹ (ìyá mi ti fi pàṣán yanjú ìyẹn láti kékeré). Kí ni kí n wò, kí ni kí n fọwọ́ kàn, kí n tó kówó sílẹ̀? Ọ̀yà àti àparò ni mò ń dẹ létí oko wa. Mi ò kì í wọ igbó lọ títí.

Baba Àgbọ̀wà
Ìbọn ni ìbọn ń jẹ́. Ṣakabùlà ni mo fi kọ́ṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò wọn apá mi. Mú ẹlẹ́nu méjì kí o máa lọ.

Ọdẹ Ìtòìkín
Baba, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín. Ṣakabùlà tí ẹ sọ, ọ̀pọ̀ wa kì í gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í rárá nítorí ẹ̀tù tó ń bù yẹ̀rì lójú ìbọn. A máa ń nà án síwájú, a á fojú díwọ̀n, ó di kí Ògún ṣe é. Ìbọn tí a ń gbé sójú èjìká yàtọ̀. Ojú ẹni tó mú un ni ìdajì ìbọn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò bá jókòó síbi kan náà nígbà gbogbo, ọta kò ní lọ síbi kan náà nígbà gbogbo.

ỌmọPókà, nígbà tí o bá débẹ̀, ṣẹ́ ìbọn náà (ìyẹn ni kí o ṣí i níbi tí ọ̀pá ti so mọ́ ìdí), wo inú ihò méjèèjì, kí o sì ki ìka bọ̀ wọ́n. Bí oníṣòwò bá wí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ṣẹ́ ẹ lójú rẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, wá ibi kan lára ògiri tí kò sí èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ìdákọ́ fèrèsé tàbí àmì kan tí ó tó ojú rẹ ní gíga. Tẹjú mọ́ ọn. Di ojú rẹ méjèèjì. Gbé ìbọn sókè bí ẹni pé àparò fò, jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ sinmi lé e bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn, má tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni kí o wá lajú.

Ibi tí ọ̀pá ìbọn kọjú sí nígbà tí o lajú ni ìbọn náà yóò máa yìn sí lọ́jọ́ tí o kò bá ní àyè láti rò ó. Bí o bá rí ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn díẹ̀, tí èso kékeré tó wà lókè ẹnu rẹ̀ sì jókòó lórí rẹ̀ láàárín gan-an, ó dára. Bí o kò bá rí ju irin ìdí ọ̀pá lọ, òkè ìdí igi rẹ̀, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé, ti rẹlẹ̀ jù fún ọ, ọta yóò máa lọ nísàlẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá na gbọọrọ lójú rẹ bí ẹni wà lókè àjà tó ń wolẹ̀, òkè ìdí rẹ̀ ga jù, wàá máa yìn kọjá lórí ẹran. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, tún ṣe é. Àwọn kan á máa tẹ ọrùn láti bá ìbọn mu, wọ́n á ní ó bá àwọn mu. Ọrùn títẹ̀ yẹn kò ní bá ọ dé oko lọ́jọ́ tí ọ̀yà bá sá jáde láti inú ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì.

Òsì Làpá Mi (Ìmọ́ta)
Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ ọ̀tún ò mọ ìyà tí à ń jẹ. Jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, ỌmọPókà.

Àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì kò túmọ̀ sí pé ojú òsì ló ń darí. Na ọwọ́ méjèèjì síwájú, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ara wọn lé títí ihò kékeré kan yóò fi kù láàárín, la ojú méjèèjì sílẹ̀ kí o sì fi ihò yẹn wo ọ̀pá iná kan lókèèrè. Pa ojú òsì dé. Bí ọ̀pá iná bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún rẹ ni ọ̀gá. Bí ó bá fò kúrò, ojú òsì ni. Ẹni tí ọwọ́ òsì àti ojú òsì bá pọ̀ lára rẹ̀, ìbùkún ni, kó gbé ìbọn sí èjìká òsì. Bí wọ́n bá takora, á jẹ́ pé wàá kọ́ láti máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó jẹ́ ọ̀gá, tàbí kí o máa pa ojú kejì dé kí o tó fa tírígà.

Èkejì ló ń bu àwa jẹ. Ọ̀pọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu méjì, wọ́n ti tẹ ìdí igi rẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kí ojú ọlọ́wọ́ ọ̀tún lè bọ́ sórí ọ̀pá. Ó kéré débi pé ẹ kò ní mọ̀ bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́ lásán. Di ìbọn náà mú kí ìdí rẹ̀ wà níwájú ojú rẹ, ẹnu rẹ̀ kí ó kọjú sí ilẹ̀ níwájú, kí o wo láti ẹ̀yìn lọ síwájú bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Bí ìdí bá yà sí ọ̀tún, ojú òsì rẹ kò ní dé orí ọ̀pá, apá ọ̀tún ọ̀pá lo máa rí. Ọta rẹ á máa lọ sápá ọ̀tún ẹran, ìwọ á máa rò pé ẹran náà ní ońdè.

Èyí tí ìdí rẹ̀ gún régé ni kí o wá. Ọlọ́wọ́ òsì lè lò ó, ọlọ́wọ́ ọ̀tún lè lò ó.

Ọdẹ Ìtòìkín
Ońdè! Òótọ́ ni o. Mo mọ ẹnì kan tó ti náwó lórí àjẹsára ìbọn nígbà tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ló wọ́.

Ọ̀gá Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí ọmọ yìí kò kúkú ra ìléwọ́ tàbí pump-action (ìbọn tí a ń fa igi iwájú rẹ̀ sẹ́yìn sẹ́wájú kó tó kó ọta mìíràn). Gbangba ni mo ti máa dáhùn. Òfin ìbọn wa ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìléwọ́, ìbọn ológun àti pump-action wà nínú ọ̀wọ́ tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, Ààrẹ nìkan ni òfin fún lágbára láti gbà á láyè. Ìbọn ọdẹ tí a ń sọ níbí wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ṣakabùlà ní ọ̀wọ́ tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀. Ìbọn ọdẹ tó bá ń kó ọta fúnra rẹ̀ kò sí nínú ohun tí ìwé rẹ gbà. Ìwé náà sì jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń jogún. Ẹ má gbé ìbọn bàbá yín jáde nítorí pé ìwé bàbá wà nínú àpótí.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ìléwọ́ sì ti wọlé, mo ti wà ní yàrá ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò yàtọ̀ sí ohun tí Ọdẹ Ìtòìkín sọ. Browning Hi-Power ni ọwọ́ mi mọ̀ jù. Láti 1935 ló ti wà lóde, DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Kàdúná, náà ti ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ọta 13 ló wà nínú agolo tó ń wọ inú ìdí rẹ̀, ìlà méjì ni wọ́n tò wọ́n sí, síbẹ̀ kì í kún ọwọ́ jù. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ tuntun ni pé kó dì í mú lókè dáadáa, títí ẹran tó wà láàárín àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là yóò fi kan abẹ́ irin ẹ̀yìn. Kó má yí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣé ṣóńṣó ìka dé tírígà? Bó bá jẹ́ oríkèé ìka ló dé ibẹ̀, ìléwọ́ náà kéré fún un, yóò máa fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ní láti yí ọwọ́ kí ìka tó dé, ó tóbi fún un. Ṣé àtàńpàkò kan sẹ́fítì, ohun tí a ń tẹ̀ kí ìbọn má bàa yìn, láì tú ọwọ́ ká?

Hi-Power kò ṣe dáadáa níbi gbogbo o. Òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń bu ẹran ọwọ́ àwọn tó lọ́wọ́ ńlá jẹ. Sẹ́fítì àwọn ti àtijọ́ kéré, apá òsì nìkan ló sì wà, ọlọ́wọ́ òsì kò lè fi àtàńpàkò kàn án. Wọ́n tún fi nǹkan kan sí i tí kì í jẹ́ kó yìn bí agolo ọta kò bá sí nínú rẹ̀. Ìyẹn dára fún ààbò, àmọ́ ó mú kí tírígà rẹ̀ máa wọ́. Glock 17 tí àwọn ológun Austria gbà ní 1982 kò tilẹ̀ ní sẹ́fítì tí àtàńpàkò ń tẹ̀, inú tírígà ni wọ́n fi sí. Ìwọ̀n ìdìmú kan ṣoṣo ló ní títí di 2010, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ìdìmú tó ṣeé pààrọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ọwọ́ ò dọ́gba.

Lórí ìbọn tìrẹ, ỌmọPókà: ìbọn tí a ń ṣẹ́ dára fún ọlọ́wọ́ òsì. Sẹ́fítì rẹ̀ sábà máa ń wà lókè láàárín, àtàńpàkò ọwọ́ méjèèjì dé ibẹ̀. Irin tí a fi ń ṣí i ló ń yí sí ọ̀tún, ìyẹn á mọ́ ọ lára. Bí ó bá jẹ́ tírígà méjì ló ní, fi ìka rìn láti ti iwájú lọ sí ti ẹ̀yìn láì yí ìdìmú padà. Ti iwájú ló sábà ń yin ẹnu ọ̀tún, èyí tí ọta rẹ̀ ń tú ká kíákíá. Ti ẹ̀yìn ni ẹnu òsì tí wọ́n fún díẹ̀ ní ṣóńṣó, tó ń kó ọta jọ dé ọ̀nà jíjìn. Fún àparò tó fò lẹ́sẹ̀ rẹ, ti iwájú ni.

ỌmọPókà
Ẹ ṣeun gidi gan-an sà. Ojú òsì mi ni ọ̀gá, mo ti dán an wò. Gígùn ìdí ìbọn wá ńkọ́? Wọ́n ní kí n gbé ìdí rẹ̀ sí ìgbúnwọ́, pé bí ìka mi bá dé tírígà, ó bá mi mu.

Òsì Làpá Mi (Ìmọ́ta)
Gbogbo oníṣòwò ló mọ ti ìgbúnwọ́ yẹn, kò sì sọ nǹkan kan fún ọ ju pé o ní apá. Kì í wo ọrùn, kì í wo àyà.

Gbé e sójú èjìká, gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Kí àlàfo tó wà láàárín imú rẹ àti ìdí àtàńpàkò rẹ tó ìka méjì tàbí mẹ́ta. Bí imú bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàńpàkò, ìdí ìbọn kúrú, yóò lù ọ́ nímú lọ́jọ́ kan. Bí ìdí bá ń há sí abẹ́ apá nígbà tí o ń gbé e bọ̀, ó gùn jù. Láti àárín tírígà iwájú dé àárín ìdí igi ni wọ́n ń wọ̀n, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe sì wà láàárín íǹṣì 14 àti 14½. Ìwọ tó ga tí apá rẹ gùn lè fẹ́ tó 15.

Baba Àgbọ̀wà
Ó dáa, n ó sọ èyí tí ẹ̀yin ọmọ kékeré ò mọ̀. Aṣọ tó máa wọ̀ lọ sóko ni kó wọ̀ lọ dán an wò. Mo ti rí ẹni tó fi ṣẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ yan ìbọn, ó wá gbé gbérí wọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n rán mọ́ ọn, ìdí ìbọn ń kọ́ ọ láyà, òkété ti wọ ihò. Bí gbérí bá nípọn, kí ìdí ìbọn kúrú díẹ̀. Kó tún de iná mọ́rí. Iná orí máa ń tàn sẹ́yìn ọ̀pá ìbọn tó ń dán, ó ń pa ojú. Èyí tó ṣókùnkùn lẹ́yìn ló dára fún òru.

Ọdẹ Ìtòìkín
Baba, ẹ ti wí pé ìbọn ni ìbọn ń jẹ́ ńkọ́?

Baba Àgbọ̀wà
Lọ sùn.

Dókítà Eegun, Ìkòròdú
Mi ò kì í ṣe ọdẹ, èmi ni wọ́n ń gbé èjìká wá bá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ibi tó wú ń sọ. Bí ojú ibi tó dúdú bá wà lókè apá, lórí oríkèé, wọn kò gbé ìbọn sí kòtò tó wà láàárín oríkèé èjìká àti egungun tó wà nísàlẹ̀ ọrùn. Bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dùn, òkè ìdí igi ga jù tàbí ẹni náà gbé orí sókè nígbà tó ń fà á. Bí ìka àárín ló ń wú, irin tó bo tírígà ló ń gbá a. Ìdí ìbọn kúrú tàbí ìdìmú rẹ̀ tú.

Ẹ tún rántí pé ìbọn fífúyẹ́ ló ń gbá èèyàn jù, bó bá jẹ́ ọta kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹlẹ́nu kan tí kò tó kílò mẹ́ta, tí ẹ wá ń fi ọta gíráàmù 36 sí i, èjìká yín ń gbọ́. Gíráàmù 28 tó fún ẹyẹ. Ẹni tí ìbọn ń gbá á bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú kó tó fa tírígà, ìyẹn ò sì ní oògùn nílé ìwòsàn wa. Ẹ fi nǹkan dí etí nígbà ìdánrawò. Ariwo ìbọn ọdẹ kọjá désíbẹ́ẹ̀lì 140, etí tó bá lọ kì í padà.

Aláwọ Ayétòrò
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Fún ẹni tí òkè ìdí ìbọn rẹ̀ rẹlẹ̀ tàbí tí ìdí rẹ̀ kúrú, mo máa ń ran àpò awọ tó wọ ìdí ìbọn, a ó fi ọ̀já dè é lábẹ́, fóòmù tó le ni mo máa ń fi sí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì. Ó ṣeé bọ́. Mi ò kì í fọwọ́ kan irin, mi ò kì í fi ayùn kan igi. Títún ìbọn ṣe ní òfin tirẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé ìyẹn wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí àpò náà kúrú níwájú kó má bàa dí sẹ́fítì.

ỌmọPókà
Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ gbọ́ o.

Ẹlẹ́nu méjì Òyìnbó tí kò lè bàjẹ́: mo dijú, mo gbé e, mo lajú, apá ọ̀tún ọ̀pá ni mo rí gẹ́lẹ́ bí ará Ìmọ́ta ṣe sọ. Ìdí rẹ̀ yà. Ẹnu rẹ̀ tún ń fà sílẹ̀. Mo gbé e ka ìka mi níwájú ibi tó ti ń ṣẹ́, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ síwájú. Ẹlẹ́nu kan gún régé, ó wá sójú bó ṣe yẹ, àmọ́ imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàńpàkò, òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ sì le débi pé àtàńpàkò tó ní òógùn yọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fà á. Mo rò ó lóru pẹ̀lú òjò, mo gbé e kalẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni oníṣòwò ní òun ní ọ̀kan tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹlẹ́nu méjì, íǹṣì 28, ìdí rẹ̀ gún. Mo gbé e pẹ̀lú ojú dídì títí ó fi sú u. Ó bá mi mu, ó ku díẹ̀ kó gùn tó, àpò Aláwọ á tán ìyẹn. Owó rẹ̀ tilẹ̀ dín.

Ọ̀gá Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Ṣé o yọ igi iwájú rẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá, o sì mì í bí o ti pa á dé? Ìbọn àtijọ́ tí ojú ìdè rẹ̀ ti jẹ máa ń dún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bí igi iwájú kò bá sí níbẹ̀ láti bo àṣírí. Gbé ọ̀pá náà síwájú ìmọ́lẹ̀ kí o fojú wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Òjìji tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yípo pé láìṣẹ́. Ibi tó bá ti ṣẹ́, irin ti wọ inú níbẹ̀. Bó bá ní àpẹẹrẹ tó ń lọ́ lára ọ̀pá látòkè délẹ̀, irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ láyé àtijọ́ ni, ẹ̀tù òde òní kì í ṣe tirẹ̀.

ỌmọPókà
Kò dún. Inú ọ̀pá mọ́. Irin rẹ̀ dúdú lásán, kò sí àpẹẹrẹ.

Òsì Làpá Mi (Ìmọ́ta)
Bó o bá ti rà á, má ṣe jẹ́ kí ọta 20, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju 12 lọ, dé inú àpò tí ọta 12 wà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe ti 20 ní àwọ̀ yẹ́lò nítorí èyí. Ó máa ń yọ́ gba inú ihò 12 kọjá, á lọ há níwájú, ìwọ á rò pé ihò ṣófo, wàá ki 12 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pá ìbọn ló máa ń fọ́, níbi tí ọwọ́ kejì dì mú gan-an.

Ọdẹ Ìtòìkín
Mílímítà mélòó ni wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀pá, níbi tó pẹlẹbẹ tí a ń rí bí a bá tú u?

ỌmọPókà
Mo ya fọ́tò ẹ̀. 65 ni mo rí níbẹ̀. Ṣé ìṣòro ni?

Ọdẹ Ìtòìkín
Ìyẹn ni wọn ò ṣe tètè gbé e jáde. 70 ni ọta tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Á wọ inú rẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan, torí pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọta jẹ́ ti ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí lẹ́yìn yíyìn. Ìgbà tó bá ń ṣí ni àyè kò ní tó o, agbára á há sínú, ìbọn tó ti dàgbà ni yóò sì gbà á. Kó o tó sanwó, bi oníṣòwò bóyá ó ń ta ọta 65, kó gbé páálí rẹ̀ jáde kó o fojú rí i. Bí kò bá ní in, fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó o bi í ìgbà tí ẹrù tuntun ń bọ̀.